Ajẹ́ńtì tó bá mi wá òṣìṣẹ́ bekírì n'Ífẹ̀

Búrẹ́dì 90 ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan, òun ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ẹ mọ bí àwọn ajẹ́ńtì ṣe ń ṣe, mi ò ní í tún un rò. Ọ́fíìsì ajẹ́ńtì tèmi wà lápá Sábó, wọ́n gba ₦15,000, mo ní mo fẹ́ ẹni tó mọ ìdí ààrò onígi.

Ọmọ dáadáa ni ẹni tí wọ́n rán wá, kò sí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní HND. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ìrírí, ó kọ ọdún 4 ní bekírì kan n'Íbàdàn. Bẹ́ẹ̀, owó ló ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà níbẹ̀! Kò sẹ́ni tó bi í. Ó ti fláwà sínú ààrò kó tó wú, búrẹ́dì sì jáde le bíi bíríkì. Àwọn ìyá tó ń bá mi kiri gbé tíréè wọn padà lófìfo.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dé ọ́fíìsì wọn kí aago mẹ́jọ tó lù. Ọmọbìnrin tó wà níwájú kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ọ̀gá ń bọ̀." Mi ò jókòó. Ọ̀gá dé, ó ṣí fáìlì. "Màmá, ìwé rẹ̀ pé. Ó ṣe dáadáa ní íntáfíù." Mo ní kí lẹ bi í? Ó ní àwọn ní kó sọ nípa ara rẹ̀. Mo ní ṣé ẹ tiẹ̀ fi fláwà hàn án? Ó dákẹ́.

Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àpá iná tò sí i lápá, irú èyí tí páànù gbígbóná ń dá sí wa lára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dá a padà torí pé ìwé mẹ́fà ló kà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti wú tó?" Ó na ìka rẹ̀. "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, tó ta padà kíá, kò tíì yá. Tí kò bá padà mọ́, ó ti kọjá. Tó bá rọra ń bọ̀, mà, ẹ tì í síná."

Ọmọ mi tó wà ní OAU ló ka ìwádìí Schmidt àti Hunter, àwọn onímọ̀ nípa ìgbanisíṣẹ́, ti 1998, sí mi létí. Nọ́ńbà ni wọ́n fi sọ bí ohun kan ṣe ń jẹ́ ká mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn máa mọ iṣẹ́ ṣe; 0 kò sọ nǹkan kan, 1 kì í tàsé: ká fún èèyàn níṣẹ́ náà ṣe wò, 0.54, iye ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́, 0.18. Sackett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un yẹ̀ wò ní 2022, ó di 0.33 àti 0.07. Wọ́n lọọlẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ wo bí àárín wọn ṣe jìn tó. Ìṣẹ́jú méjì lórí bẹ́ǹṣì ni ìdánwò tèmi gbà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin iwájú yẹn gan-an. Ó gbọ́ ariwo mi lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé, òun ló pe ọkùnrin náà pé kó wá jókòó. Ó tún pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn náà, ó ń béèrè bí ààrò ṣe ń lọ.

Ọ̀gá kò dá kọ́bọ̀ padà. Kí n sì sọ òótọ́, èmi náà máàkì HND nínú fọ́ọ̀mù torí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kò síbi téèyàn ti lè kọ ohun tí òṣìṣẹ́ yóò fọwọ́ ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Ọkùnrin náà ti lo oṣù mẹ́jọ lọ́dọ̀ mi.