Mo gbé server sílé n'Íjẹ̀bú-Òde: "Sà, ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn"

Ìgbà kẹta tí ọmọkùnrin ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa ní lórí fóònù, "Sà, ẹ pa router yín, ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ tún un tàn," ni mo mọ̀ pé màá kọ nǹkan yìí. Mo pa router náà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì sínú ilé mi, lọ́jọ́ Ajé. Mo pa á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ìyàwó mi ní bí mo bá tún fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn, òun á gbé e pamọ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Gbogbo ọjọ́ kẹta Iléyá, fọ́tò Ojúde Ọba máa ń ya wọ fóònù mi bí omi òjò. Mo ní kí n kó wọn sórí ìkànnì tó máa wà lórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì, nínú ilé mi, tí n kò ní sanwó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́, mo mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ni mí: à á ná mílíọ̀nù lóde àríyá, ẹgbẹ̀rún méjì oṣooṣù ni yóò máa dùn wá.

Laptop tòkunbọ̀ kan ni mo rà ní Fọlágbádé, ojú rẹ̀ ti là lápá kan. Ọmọ tó tà á fún mi ń bẹ̀ mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní lè fi wo fíìmù o." Mo ní kó dín owó rẹ̀ kù sí i. Server kò nílò ojú, bátìrì rẹ̀ ni mo fẹ́, kí ó má kú bí nẹ́pà bá mú iná. Ohun tí n kò rò ni pé router kò ní bátìrì ní tirẹ̀. Mo tún padà lọ ra ìyẹn.

Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, kò gbà mí ní kọ́bọ̀. Àyà mi já lẹ́ẹ̀kan: mo ń tẹ password, kò sí ohun kan tó hàn lójú rẹ̀, mo rò pé kíbọ́ọ̀dù ti kú. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo fi nginx, ètò tó ń gbé ojú ìwé ìkànnì fún àlejò, sí i, mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ nínú ilé, 192.168 àti ìyókù, sórí fóònù mi, "Welcome to nginx!" jáde, mo sì pariwo. Kò pẹ́ tí mo fi fọ́tò sí i ló ní "403 Forbidden", ìyẹn ni pé kò sí àyè láti wọlé. Odidi alẹ́ kan ló gbà mí. Àṣé nginx kì í wọlé lórúkọ tèmi, www-data ló ń jẹ́, ó sì bá ilẹ̀kùn /home mi, fódà tí mo kó fọ́tò sí, ní títì. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí /var/www, fódà tí wọ́n máa ń kó ìkànnì sí, ó ṣí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣàgámù kò rí nǹkan kan. Mo ti la ọ̀nà 80 àti 443, tí àlejò ìkànnì máa ń gbà wọlé, sílẹ̀ nínú router. Ìyẹn ni mo ṣe pe ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa, tí ẹ ti mọ ìdáhùn wọn. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú náà, ọmọkùnrin yẹn fi kún un pé bóyá server mi ló bàjẹ́. Server tí mo ń wò níwájú mi!

Lọ́jọ́bọ̀ mo gbé ìbínú mi lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ láti ilé. Ọmọbìnrin kan gbà mí, kò jẹ́ kí n tiẹ̀ sọ ìdajì: "Dádì, ẹ kú ìrìn. Nọ́ńbà wo ni router yín ní ó gbà láti ìta?" Mo ti ya fọ́tò rẹ̀, 100.72 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní ohun tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ti àjọlò ni. Nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́ (IPv4) kò ju 4.3 bílíọ̀nù lọ, kò kárí ayé mọ́, nítorí náà ilé púpọ̀ ló ń gba ẹnu géètì kan jáde. "Ẹ lè rán ọmọ jáde, Dádì. Àlejò tó bá kan géètì ni kò mọ yàrá tó máa wọ̀."

Ó ní àwọn ń ta nọ́ńbà àdáni, ó dárúkọ iye rẹ̀, mo dákẹ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó kọ orúkọ ètò kan sẹ́yìn rìsíìtì: cloudflared. Server ni yóò fúnra rẹ̀ jáde lọ bá Cloudflare, ilé iṣẹ́ tó ń gba àlejò fún ìkànnì, àwọn àlejò á gba ibẹ̀ wọlé. Orúkọ ìkànnì nìkan ni mo rà, ọdọọdún sì ni owó rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ní London ṣí i, ó rí màmá wa nínú aṣọ ẹgbẹ́, ó sì ń sunkún lórí fóònù. Mo gbàgbé pé mo ń bínú.

Máàkì mi. Laptop, 4 nínú 5. Debian, tí kò ṣẹ̀ mí rárá, 3, nítorí alẹ́ 403 yẹn. Ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, 5. Ẹ kà á dáadáa, 5 ni mo kọ. Bí wọ́n bá gbé ọmọbìnrin yẹn lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ó di 1.