Siril lọ́wọ́ ọ̀gbẹ̀rì: ohun tó ń ṣe fún ọ, àti ohun tó fi sílẹ̀ fún ojú rẹ

Siril ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń to ọ̀pọ̀ fọ́tò ojú ọ̀run léra di ẹyọ kan. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí ó bá gbé jáde yóò dúdú bí kóró iṣin. Iṣẹ́ kò bàjẹ́ o. Yí Linear, ọ̀nà ìfihàn tó wà nísàlẹ̀ ojú ètò náà, padà sí AutoStretch, ìràwọ̀ á yọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀gbẹ̀rì ti ń kọsẹ̀: AutoStretch kò fọwọ́ kan fáìlì rárá, ohun tí ojú ń rí nìkan ló yí padà. Fi í pamọ́ sí JPEG báyẹn, dúdú náà ni wàá bá níbẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni Siril, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Skírípítì rẹ̀, àkójọ àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ló jẹ́ kí n máa júwe rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣe fódà mẹ́rin, pè wọ́n ní lights, darks, flats àti biases, lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀. Lights ni fọ́tò ojú ọ̀run gan-an; darks ni èyí tí a fi ìdérí bo lẹ́ńsì yà; flats ni èyí tí a yà sí ojú tó mọ́lẹ̀ dọ́gba; biases náà wà lábẹ́ ìdérí, àmọ́ ní ìyára tó ga jù lọ. Kó fáìlì RAW (èyí tí kámẹ́rà kò tíì sọ di JPEG) sínú wọn, ṣí fódà tó gbà wọ́n, kí o tẹ skírípítì OSC_Preprocessing. Bí “s” kan bá jábọ́ lára orúkọ, ó dúró nìyẹn. Darks gbọ́dọ̀ bá lights dọ́gba ní ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà fi ṣí, ISO àti ìwọ̀n ooru. Ní ti flats, má yí kámẹ́rà tàbí fókọ́ọ̀sì kí o tó yà wọ́n, nítorí àwọn ló ń pa ojú ekuru àti igun tó ṣókùnkùn rẹ́.

Àyè ni ìṣòro. Fọ́tò mẹ́gápíksẹ̀lì 24 kan, pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́ta àti báìtì 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gba MB 288. Skírípítì ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, pp_light (èyí tí a ti fọ̀ mọ́) àti r_pp_light (èyí tí a ti mú kí ìràwọ̀ rẹ̀ bá ti yòókù mu). Fọ́tò 50 ti jẹ nǹkan bíi GB 29 nìyẹn! Pa fódà process rẹ́ nígbà tí result, fọ́tò tí a ti tò léra, bá ti jáde.

Látibẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ ló kù. Kọ́kọ́ gé etí fọ́tò, torí títò tí a tò wọ́n léra ti ba etí jẹ́. Lẹ́yìn náà, Background Extraction, tó ń yọ ìmọ́lẹ̀ tí kò dọ́gba kúrò lẹ́yìn fọ́tò. Máa wo àwọn àpótí kéékèèké tó tò sójú fọ́tò: tó bá jẹ́ Andromeda (M31), ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá kan, lo yà, èyí tó bọ́ sórí ìmọ́lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí i ká, Siril á kà á sí ìdọ̀tí, á yọ ọ́, òrùka dúdú á sì gba ipò rẹ̀. Tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí irú àpótí bẹ́ẹ̀ kí ó kúrò.

Àwọ̀ ewé tó bo gbogbo fọ́tò kì í ṣe àrùn; tú àmì ṣéènì tó so àwọ̀ mẹ́ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ AutoStretch, yóò lọ lójú rẹ. Photometric Color Calibration ló ń tún un ṣe nínú fáìlì. Ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wé àkójọ ìràwọ̀, nítorí náà ṣe é kí o tó na fọ́tò, ìyẹn kí o tó mú ibi tó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ nínú fáìlì. Tó bá ní òun kò mọ ibi tí fọ́tò wà lójú ọ̀run, yẹ mílímítà lẹ́ńsì (focal length) tí o kọ wò: 200 tí a kọ fún 135 ti tó láti ṣì í lọ́nà.

Histogram, àwòrán tó ń fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ṣe pín, ló kàn; ibẹ̀ la ti ń na fọ́tò. Ti onígun mẹ́ta àárín sósì díẹ̀díẹ̀, tẹ Apply, tún un ṣe. Tí píksẹ̀lì tó di dúdú pátápátá bá ti ju 0.1% lọ, padà sẹ́yìn.

StarNet, ètò mìíràn tó ń yọ ìràwọ̀ kúrò kí o lè na ìkùukùu ojú ọ̀run (nebula) nìkan, kò bá Siril wá. Wàá gbé e wálẹ̀ lọ́tọ̀, kí o sì tọ́ka ibi tó wà fún Siril nínú Preferences.