Coursera lórí fóònù: bíbẹ̀rẹ̀ rọrùn, píparí ló ṣòro

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Ìwọròkò tàbí Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, áàpù Coursera, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kọ́ọ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wúlò gan-an, torí pé ó gbà kéèyàn dáńlóòdù fídíò. Ẹ lọ sí sẹ́tínìsì, ẹ fi dídáńlóòdù sí Wi-Fi nìkan, kí ẹ sì kó fídíò ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí dátà bá kéré, ẹ ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò. Kì í fẹ́ẹ̀ jẹ dátà rárá. Ìdánwò kéékèèké ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má ti áàpù pa kí máàkì tó jáde.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni gbèdéke ọjọ́ iṣẹ́. Áàpù máa ń fún yín lọ́jọ́ fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ bí ọjọ́ bá kọjá, ẹ kàn máa tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo ọjọ́ á sún síwájú. Àánú ni lóòótọ́, òun náà ló sì ń ba kọ́ọ̀sì jẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé kò sí ìyà á máa sún un títí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fi gbára jọ, á wá sá fún un. Níbi tó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ yín ló ń máàkì iṣẹ́, ẹni tó pẹ́ lè dúró títí kó tó rí ẹni máàkì tirẹ̀. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gbowó rẹ̀ lóṣooṣù ńkọ́? Fòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la á gbé owó gidi lọ, dọ́là sì ni.

Nítorí náà, ẹ fún ara yín ní òfin. “Màá kàwé lálẹ́” kò tó. “Bí mo bá ti jẹun tán, fídíò kejì àti ìkẹta” ló dára. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 25, ìsinmi ìṣẹ́jú 5, bí Francesco Cirillo, ẹni tó dá ọgbọ́n Pomodoro sílẹ̀, ṣe là á kalẹ̀. Ẹ pa ìró WhatsApp, torí orí fóònù kan náà ni òun àti ẹ̀kọ́ jọ wà. Bí fídíò bá parí, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta látorí láìwo ibì kankan. Fídíò máa ń tan ènìyàn pé ó ti yé e. Ẹ lè mú kí fídíò sáré dé ìlọ́po 1.5 níbi ìfáàrà, kì í ṣe níbi ìṣirò.

Fún dídáńlóòdù, máàkì 5 nínú 5. Fún dídá ènìyàn dúró sẹ́nu ẹ̀kọ́, 2 péré. Ẹni tí kò bá ní ẹni tó máa bi í léèrè iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà, kó kọ́kọ́ wá ọ̀kan kó tó forúkọ sílẹ̀.