Ẹ̀rọ ìkórè lójú ìjà: àgbéyẹ̀wò Wreckfest fún ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ oko

Bó bá jẹ́ pé nítorí katakata lẹ ṣe fẹ́ ra Wreckfest, géèmù tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré ìje, tí wọ́n sì ń fi gbá ara wọn, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń rà. Ẹ̀rọ oko méjì ló gbajúmọ̀ níbẹ̀: ẹ̀rọ ìkórè ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń kórè àlìkámà lókè òkun, àti ẹ̀rọ ìgékoríko kékeré tí èèyàn ń jókòó lé. Katakata tó ń tulẹ̀ gan-an, inú mọ́ọ̀dù, ìyẹn àfikún tí àwọn olólùfẹ́ géèmù ṣe fúnra wọn, lẹ ó ti wá a, màá dé ibẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rọ ìkórè yẹn nìkan tó owó géèmù náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń wà á bí ẹni ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wọ́n á kú ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, wọ́n á wá ní géèmù ò dáa.

Bugbear, ilé iṣẹ́ géèmù tó wà ní Helsinki, ní Finland, ló ṣe é, àwọn kan náà tó ṣe géèmù FlatOut. Oṣù Kìíní 2014 ni wọ́n ti gbé e jáde láìtíì jinná, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Next Car Game, ó sì di 14 Oṣù Kẹfà 2018 kó tó parí lórí kọ̀ǹpútà. Nínú àwọn ẹ̀rọ géèmù, PS4 àti Xbox One rí tiwọn gbà ní Oṣù Kẹjọ 2019, Switch ní 2022. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi sè é yẹn hàn nínú bí irin ṣe ń ká. Ibi tí wọ́n bá ti gbá ọkọ̀ gan-an ló ń wọnú. Bí wọ́n bá gbá igun iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, igun yẹn á ká lọ bá táyà, táyà á máa ha irin, ọkọ̀ á sì máa fà sí ọ̀tún títí ìdíje á fi parí. Kì í ṣe àwòrán lásán.

Oríṣi ìjà méjì ló wà. Nínú èkíní, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti kú ti jáde nìyẹn, ẹni tó bá ṣẹ́kù lórí pápá ló borí. Nínú èkejì, bí ẹ bá kú, wọ́n á dá yín padà, iye ìpalára tí ẹ ṣe ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá sì rò pé òun lè sá sí kọ̀rọ̀ nínú ti èkíní títí àwọn yòókù á fi pa ara wọn tán, aago kan wà tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá lé e lórí. Bí ẹ ò bá kọlu ẹnikẹ́ni kó tó tán, wọ́n á yọ yín.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ayé ń fúnni nípa ìjà ọkọ̀ ni pé kí ẹ máa fi rìfáàsì gbáni, torí iwájú ni ẹ́ńjìnnì àti rádíétọ̀ wà. Òótọ́ ni, fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fi ìdí ẹ̀rọ ìkórè gbá nǹkan, ọwọ́ ara yín lẹ fi ṣe ara yín. Táyà gàgàrà méjì tó wà níwájú ló ń fa ẹ̀rọ náà lọ; kékeré méjì tó wà lẹ́yìn ló ń yí i. Bí tẹ̀yìn bá ti wọ́, kò sí bí ẹ ṣe lè darí rẹ̀ mọ́, ẹ ó kàn máa pòyì lójú kan bí òkòtó ni. Ní Lind, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń fi ògbólógbòó ẹ̀rọ ìkórè gidi ja irú ìjà yìí láti 1988. Ẹ̀yìn ẹnìkejì ni awakọ̀ tó mọṣẹ́ ń wá níbẹ̀, ẹ̀yìn náà ni kí ẹ̀yin náà wá.

Bí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á sáré pàdé láàárín pápá. Ẹ má bá wọn lọ. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kí ìkọlù àkọ́kọ́ kọjá, kí ẹ wá mú ẹni tó há mọ́ ẹlòmíì lára, tó ń tiraka láti jáde. Ẹ gbá a láti ẹ̀gbẹ́, ní ọ̀gangan táyà kékeré, kì í ṣe láàárín ikùn tí irin ti nípọn. Ẹ ò nílò eré àsápajúdé: àyè tó gùn tó ẹ̀rọ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó, torí ìwúwo ló ń ṣiṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fà sẹ́yìn ní tààrà, kí ẹ tún wọlé sí ibì kan náà. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ṣùgbọ́n kí àgbò yìí kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń wẹ̀yìn, torí ìgbà tí ẹ bá ń fà sẹ́yìn gan-an ni ìdí yín wà níta fún ẹlòmíì.

Ìyípo ló ń pa àwọn tuntun jù. Nítorí pé ẹ̀yìn ló ń yí, bí ẹ bá kọrí sí ọ̀tún, ìdí ẹ̀rọ á jù sí òsì. Lẹ́bàá ògiri, ìyẹn nìkan tó láti fi táyà ẹ̀yìn gbá kọnkéré láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn yín. Ẹ fi àyè tó gùn tó odindi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ògiri. Ẹ̀rọ náà ga, ó wúwo lókè, bí ẹ bá fi eré yí i dé ìpẹ̀kun, ó lè dojú dé. Ẹ tú ìka lórí gáàsì, ẹ yí, kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì lo kámẹ́rà inú ọkọ̀. Ó dùn ún wò, àmọ́ ẹ ò ní rí ìdí yín.

Ẹ̀rọ ìgékoríko? Ẹ̀fẹ̀ ni. Kò ní bọ́dì tó lè gba ìyà fún ẹni tó jókòó lé e, bí wọ́n bá gbá a dáadáa, ọkùnrin orí rẹ̀ á fò dànù bí àkísà. Ẹ̀rín á pa yín fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn ìyẹn ó ti sú yín.

Nínú sẹ́tíǹgì, ti ìpalára ló ń yí géèmù padà jù. Ẹ fi Normal bẹ̀rẹ̀. Lórí Realistic, ìkọlù díẹ̀ tó bọ́ sí ojú ibi tó yẹ lè pa ọkọ̀, ẹni tí kò tíì mọ ẹ̀yìn rẹ̀ í ṣọ́ kò ní gbádùn rẹ̀ rárá. Àwọn alátakò tí kọ̀ǹpútà ń wà, Novice ti rọ̀ jù fún ìjà, ṣe ni wọ́n máa ń rìn gbéregbère. Amateur ló dáa. Lórí pápá ẹlẹ́rẹ̀ bíi Fairfield Mud Pit, ẹ pa traction control. Ó máa ń gé agbára ẹ́ńjìnnì bí táyà bá ti ń yọ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ẹ bá ń ti ẹlòmíì lẹ nílò agbára yẹn jù.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lẹ lè ra bọ́ńpà, irin ẹ̀gbẹ́ àti irin ààbò inú ọkọ̀ fún, ìwúwo wọn sì ń jẹ eré ọkọ̀. Àwọn ìdíje tí wọ́n ti ń fún yín ní ẹ̀rọ oko nínú Career, ìyẹn apá tí ẹ ti ń dá ṣeré láti ìdíje kan bọ́ sí òmíràn, bí wọ́n ṣe gbé e lé yín lọ́wọ́ lẹ ó ṣe wà á. Àlébù tó dùn mí jù nìyí: ìdíje ẹ̀rọ ìkórè ò pọ̀ rárá, wọ́n dà bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀, nígbà tí eré ìje ọkọ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Ó wá kan katakata. Lórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Workshop ti Wreckfest, ibi tí wọ́n ń kó mọ́ọ̀dù sí, ẹ wá «tractor», ẹ tẹ Subscribe, Steam á gbé e wọ kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀. Kò tíì tán o. Ẹ gbọ́dọ̀ mú mọ́ọ̀dù náà ṣiṣẹ́ nínú géèmù, kí ẹ sì tún géèmù ṣí. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, tí wọ́n á ní àwọn ò rí i. Ẹ máa fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó ogún wọlé lẹ́ẹ̀kan náà tí géèmù wá ń kú, báwo lẹ ó ṣe mọ èyí tó ń dà á rú? Kò sí Workshop fún PS4, Xbox àti Switch.

Mọ́ọ̀dù ò dọ́gba, torí ẹni tó ṣe é ló pinnu ìwúwo rẹ̀. Òmíràn ń jókòó bí àpáta, òmíràn ń ṣubú sórí táyà iwájú bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ mú pápá tó ṣófo, alátakò kan ṣoṣo, kí ẹ gbá a ní ẹ̀gbẹ́ nígbà mẹ́ta pẹ̀lú eré kíkún. Bí irin rẹ̀ ò bá ká níbì kankan, ẹni tó ṣe é kò ṣiṣẹ́ lórí ìpalára rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ dànù. Ó máa ń ba ìdíje jẹ́, torí kò lè kú.

Fún àwa tá à ń ṣe é ní Nàìjíríà, Career ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí géèmù bá ti wọ ẹ̀rọ yín tán. Ìdíje kan kì í pẹ́, bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, èyí tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nìkan lẹ pàdánù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wàhálà wà. Kọ̀ǹpútà tó ń gba ìdíje lálejò sábà máa ń wà lókè òkun, bí ping, ìyẹn àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ tó fi ń bọ̀, bá sì ti ga, táyà kékeré tí ẹ ń fojú sùn yẹn ti kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Nírú ìdíje bẹ́ẹ̀, ẹ má lépa ẹni tó ń rìn. Ẹni tó ti há mọ́ ògiri ni kí ẹ máa wá.