Aṣọ Àwọn Quaker: Ti Àtijọ́ àti Ti Òde Òní

Àwọn Quaker jẹ́ ìjọ Kristẹni kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fẹ́ kí aṣọ wọn wà láìsí ọ̀ṣọ́. Ti àtijọ́ kò ṣòroó dá mọ̀. Kóòtù ọkùnrin kò ní kọ́là, fìlà rẹ̀ sì fẹ̀ létí bí àkẹtẹ̀. Obìnrin a wọ gáùn aláwọ̀ eérú, a fi píìnì de ìborùn funfun mọ́ àyà, a sì dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sí léèsì, kò sí ríbọ́ọ̀nù. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni owó: àwọn ọlọ́rọ̀ a máa fi ojúlówó sílíkì rán aṣọ yìí kan náà. Lọ́dún 1700, Margaret Fell, ọ̀kan lára àwọn tó dá ìjọ náà sílẹ̀, ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má sọ irú aṣọ kan ṣoṣo di òfin.

Ní 1860, àwọn Quaker ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wíwọ aṣọ yìí sílẹ̀ fún ìfẹ́ kálukú. Ti òde òní kò ní àmì, ìbéèrè ló ní: ṣé mo nílò rẹ̀? Ta ló jìyà kó tó dọ́jà? John Woolman, Quaker kan tó jẹ́ télọ̀ ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ti bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó ní aró ń bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀, ó sì ń dín agbára aṣọ kù. Síbẹ̀, ó wọ èyí tó ti ní gbó kó tó ra aláìláró. Lójú tiwa, ti òde òní ló le jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ni.