MP3, AAC, Opus tàbí FLAC: èwo ni kí ẹ yàn tí ẹ bá fẹ́ gbé ohùn jáde?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra sọ́fítíwìà tí a fi ń tún ohùn ṣe, kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú ibi tí wọ́n ti ń gbé fáìlì jáde (export). Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti lè bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣé FLAC, ọ̀kan nínú oríṣi fáìlì ohùn mẹ́rin tó wà nínú àkọlé yìí, wà níbẹ̀? Ṣé ẹ lè fúnra yín yan bitrate, ìyẹn iye dátà tí ohùn ń ná ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan? Èyí tó bá kàn kọ "kékeré, àárín, ńlá" láì sọ iye kankan, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohùn tí a kò tíì fún pọ̀, irú èyí tó wà lórí CD, ń jẹ 1,411 kbps (kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan). Ìyẹn tó MB 10 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. MP3 ní 320 kbps, tó jẹ́ òpin agbára rẹ̀, ń gba MB 2.4. Ní 192, ó ń gba 1.44. Ní 128, kò tó MB kan.

FLAC nìkan ni kì í ju ohunkóhun nù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dà bí aṣọ tí a ká sínú àpótí: tí ẹ bá tú u, gbogbo rẹ̀ ṣì wà. Àwọn mẹ́ta yòókù ń yọ ohun tí wọ́n gbà pé etí kò ní gbọ́ kúrò, ohun tó bá sì ti lọ kò padà mọ́. Ìdí nìyí tí gbígbé MP3 128 jáde lẹ́ẹ̀kejì ní 320 kò fi wúlò: fáìlì á wú, ohùn á sì tún bàjẹ́ sí i díẹ̀. Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Mo pa ojúlówó rẹ́, MP3 nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́, nígbà tí mo sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, símbálì ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń da omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi FLAC pa ojúlówó mọ́, kí ẹ máa ti ara rẹ̀ gbé àwọn yòókù jáde.

Nínú àwọn mẹ́ta náà, MP3 ló dàgbà jù, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀rọ tí kò lè ṣí i. AAC, tó jáde ní 1997, máa ń dún dára jù ú lọ ní bitrate kan náà, pàápàá tí bitrate bá lọ sílẹ̀. Opus, tó di ìlànà ní 2012, ló gba ipò kìíní lójú tèmi: ọ̀rọ̀ sísọ ní 32 kbps ṣì máa ń mọ́ ketekete nínú rẹ̀, níbi tí MP3 á ti máa dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Àmọ́ àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan kò mọ̀ ọ́n. Tí ẹ kò bá mọ ohun tí olùgbọ́ yín ń lò, MP3 ni kí ẹ fún un.

Ọ̀rọ̀ CBR (bitrate tí kì í yí padà) àti VBR (bitrate tó ń yí padà) ńkọ́? CBR ń ná iye kan náà ní gbogbo ìgbà, kódà níbi tí gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́. VBR ń fi púpọ̀ síbi tí orin ti díjú, ó ń ṣọ́wó ná níbi tó rọrùn. Fún orin, V2, ìpele VBR kan nínú LAME (sọ́fítíwìà tó ń ṣe MP3), tó máa ń wà ní nǹkan bíi 190 kbps, ni mo máa ń yàn. Ẹni tí etí rẹ̀ mú lè lo V0, tó ń súnmọ́ 245. Ẹ fi CBR sílẹ̀ fún ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ojú ẹsẹ̀ àti ẹ̀rọ àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan kò nílò sítẹ́ríò (ohùn ọ̀nà méjì). Mono (ohùn ọ̀nà kan) ní 64 kbps ti tó.

Iye sample rate (iye ìgbà tí a ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí ẹ fi gba ohùn sílẹ̀ ni kí ẹ fi gbé e jáde. Àfikún kò mú ohùn tuntun wá. Kí ẹ sì fi bíi dB 1 (decibel, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó) sílẹ̀ lókè, torí fífún pọ̀ lè ti ohùn kọjá òpin, kó sì máa fọ́.

Kí ẹ tó gbé gbogbo iṣẹ́ jáde, ẹ gé ogún ìṣẹ́jú àáyá níbi tí àtẹ́wọ́ tàbí símbálì ti pọ̀ jù, ẹ gbé e jáde ní bitrate mẹ́ta, kí ẹ fi ìgbọ́hùn etí gbọ́ wọn. Tí ẹ kò bá lè dá méjì mọ̀ yàtọ̀, ẹ mú èyí tó kéré.