Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọkọ̀ Ìjàpá rà l'Ékòó

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wá Ìjàpá, Volkswagen ẹlẹ́yìn gẹ̀ǹgẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà ní agbègbè Mushin, kò jìnnà sí ọjà Ládípọ̀, tó ń polówó ọkọ̀ àtijọ́ lórí Facebook àti WhatsApp. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, orúkọ tó sì ń jẹ́ báyìí kọ́ ló ń jẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀nà tó ń gbà lu èèyàn ní jìbìtì ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é.

Kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó rárá. Ohun tó máa ń bi èèyàn ni pé, "Ọ̀gá mi, ọkọ̀ wo ni Dádì yín ń wà nígbà yẹn?" Ta ni kò ní fẹ́ dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn: àwọ̀ ọkọ̀, ọdún tí wọ́n rà á, bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọ sẹ́yìn lọ sí Bar Beach lọ́jọ́ Sunday, ta ló máa ń jókòó síwájú. Ó ń gbọ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, á pè padà pé Ọlọ́run ti ṣe é, òun ti rí irú ẹ̀ gan-an lọ́wọ́ bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, inú gáráàjì ló wà ní Súrùlérè látọjọ́ yìí, kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rà á ní tuntun. Àwọ̀ tí ẹ sọ náà ni. Ọdún tí ẹ dárúkọ náà ni. Ìtàn tiyín ló ń tà padà fún yín.

Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, tí wọ́n ń gbé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, ti san ₦400,000 àsanlẹ̀ kí wọ́n tó pè mí pé kí n bá àwọn lọ wo ọkọ̀ náà. Ìjàpá 1968 ni ọkùnrin náà pè é, ó ní tuntun ni bàbá tó ni ín rà á ní Mandilas, ilé iṣẹ́ tó ń ta Volkswagen nígbà náà. Mo mú bàbá mẹ́káníìkì wa dání, torí àwọn ni wọ́n ń tọ́jú Ìjàpá tèmi, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń tún Ìjàpá ṣe ni wọ́n sì ti kọ́ṣẹ́ láti kékeré.

Ọkọ̀ náà dán, ká sòótọ́. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run, bọ́ńpà rẹ̀ ń kọ mànà. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, omi lé ròrò sójú wọn. Wọ́n ní, "Bí ti Dádì mi gan-an nìyí." Ọkùnrin náà dúró sẹ́yìn wọn, kò sọ nǹkan kan. Ó mọ̀ pé ní àkókò yẹn, kò sí ohun tí òun tún ní láti sọ.

Bàbá mẹ́káníìkì kò tilẹ̀ wo ọ̀dà. Sítíárìn ni wọ́n kọ́kọ́ wò, apá òsì ló wà. Ẹ̀yin àgbà á rántí pé ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí padà, tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Ṣáájú ìgbà náà, bíi ti àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì la ṣe ń wakọ̀. Ìjàpá tí wọ́n bá tà ní tuntun l'Ékòó ní 1968, apá ọ̀tún ló yẹ kí sítíárìn rẹ̀ wà. Nígbà tí bàbá bi í, ó ní wọ́n ti gbé e sódì kejì nígbà tí òfin yí padà. Lóòótọ́, àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé sítíárìn láti ọ̀tún sí òsì gbọ́dọ̀ gé dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì dí ihò tí ẹsẹ̀ búrẹ́kì àti kílọ́ọ̀ṣì ti ń jáde tẹ́lẹ̀. Kò sí àpá kankan níbẹ̀. Apá òsì ni wọ́n bí ọkọ̀ yẹn sí.

Wọ́n wá yí sẹ́yìn lọ wo iná. Iná ẹ̀yìn ńlá róbótó ló wà lára rẹ̀, èyí tí Volkswagen kò bẹ̀rẹ̀ sí í lò títí di oṣù kẹjọ ọdún 1972, fún ọkọ̀ 1973. Iná ẹ̀yìn nìkan kò tó ẹ̀rí o, torí ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó báyìí, wọ́n lè ti pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀. Ẹ kàn fi sọ́kàn.

Ibi tí àṣírí ti tú ni abẹ́ àga ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Nọ́ńbà ṣáásí Ìjàpá wà lára irin gbọọrọ tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ já, bí ẹ bá gbé àga ẹ̀yìn kúrò ẹ ó rí i. Ọkọ̀ 1965 sí 1969, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ló ní. Láti 1970, ó di mẹ́wàá. Lára Ìjàpá onílẹ̀kùn méjì tó wọ́pọ̀, 11 ló máa ń ṣáájú, èyí tó tẹ̀ lé e ni òǹkà tó parí ọdún ọkọ̀ náà. Nítorí náà, 118 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ti 1968. Oṣù kẹjọ ni ilé iṣẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ọdún tó ń bọ̀, torí náà ẹ lè rí ọkọ̀ 1968 tí wọ́n ṣe ní ìparí 1967, kò sí wàhálà níbẹ̀. Èyí tí a rí lọ́jọ́ yẹn, 114 ló fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́wàá. Nọ́ńbà ọkọ̀ 1974 nìyẹn.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n fi kóòtà dúdú kun gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àfi àyíká nọ́ńbà yẹn tí wọ́n kùn ún ní àkùnnípọn. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ ha á. Ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o yọ, ó yí nọ́ńbà náà po ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ti gé nọ́ńbà yẹn lára ọkọ̀ mìíràn, wọ́n sì jó o mọ́ ara èyí. Ìwé ọkọ̀ tó ní ìwé, wọ́n wá fi bo ọkọ̀ tí a ò mọ ibi tó ti wá. Ẹni tó bá kàn fi nọ́ńbà inú ìwé wé èyí tó wà lára irin, á rí i pé wọ́n bára mu, á sì sanwó. Àfi kí èèyàn ha á.

Bí ọkọ̀ tí wọ́n jí ló bá wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn, ẹ̀yin tí ẹ rà á ni ọlọ́pàá máa bá nínú rẹ̀.

Bàbá tún yọ òòfà kan lápò, tí wọ́n tú lára sípíkà àtijọ́, wọ́n sì fi aṣọ we é kó má ba ọ̀dà jẹ́. Wọ́n gbé e lé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti irin gígùn abẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún un gbé, ó tún bọ́. Pọ́tí lásán ló wà níbẹ̀, irin ti jẹ tán. Lápá ọ̀tún abẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì máa ń jókòó sí, tí omi bátìrì sì máa ń jẹ ilẹ̀ ọkọ̀, páánù òrùlé ni wọ́n fi dí i tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé.

Ọkùnrin náà ní mítà kò tíì ju 31,000 lọ. Ó mọ ohun tó máa sọ nípa ìyẹn náà. Ẹ ó rántí pé ní ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun pín ọjọ́ fún ọkọ̀ l'Ékòó nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe déédéé ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù ní tirẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́ owó lọ ra ọkọ̀ kejì kí wọ́n lè jáde lójoojúmọ́. Ó ní ọkọ̀ kejì nìyẹn, ìdí nìyẹn tí kò fi rìn púpọ̀. Ìtàn tó jóòótọ́ ni, ó kàn fi bo irọ́ ni. Mítà Ìjàpá, òǹkà márùn-ún ló ní fún kìlómítà. Tó bá ti dé 99,999, á padà sí òdo. Kò sí ẹni tó lè wo 31,000 kó sọ iye ìgbà tó ti yí po.

Ìdí tí mo fi ń bínú tó báyìí ni pé àwọn tí ó ń lù ní jìbìtì kì í ṣe olójúkòkòrò. Ẹ ronú wo ohun tí Ìjàpá jẹ́ fún wa. Nígbà tí owó Udoji, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ní 1975, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọn ò lọ́kọ̀ rí ló fi ra ti wọn. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú ní Ìdúmọ̀tà, tí ọkọ̀ onírádíétọ̀ ń hó, tí àwọn onímọ́tò ń wá omi káàkiri, Ìjàpá á máa ké *pọ̀-pọ̀-pọ̀* lọ ní tirẹ̀, torí afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò lo omi. Ọmọ tó bá jókòó sẹ́yìn á máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà lẹ́yìn rẹ̀ títí oorun á fi gbé e lórí Carter Bridge. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn padà ní ọgọ́ta ọdún, ó ń wá bàbá rẹ̀ ni. Kí wọ́n wá fi páánù òrùlé dí ilẹ̀ rẹ̀ fún un!

Irọ́ mìíràn tó máa ń pa ni pé Ọ̀jọ́ níbí ni wọ́n ti ṣe Ìjàpá òun ní 1971 tàbí 1972. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Ọdún kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna, nítorí náà ẹni tó bá ní Pijó 504 òun jẹ́ 1970 tí wọ́n tò ní Kaduna, ẹ kí i kí ẹ máa lọ. Nọ́ńbà ọkọ̀ àtijọ́ tó ní LA níwájú tó máa ń gbé kọ́ bọ́ńpà, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Ẹ́ńjìnnì náà ńkọ́? Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló dè é mọ́ gíáàbọ́ọ̀sì, kíá ni wọ́n ń sọ̀ ọ́. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ dáínámò. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha á kúrò, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé kankan.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bèèrè owó wọn padà, ó ní òun ti fi ra bọ́ńpà láti South Africa. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́ káàkiri, àwọn mìíràn ti pè mí láti Yábàá àti Ìkẹjà, ọ̀rọ̀ kan náà: ìbéèrè nípa Dádì, bàbá àgbà Súrùlérè tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, àsanlẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Bó bá ti kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ yọjú. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ọkọ̀, kí ẹ sì gbé nọ́ńbà náà lọ fún MVAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwé ọkọ̀, láti yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde. Ẹ mú mẹ́káníìkì tiyín lọ ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe èyí tí òǹtajà bá fi hàn yín. Ẹ má ṣe fi owó sínú àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti olówó ọkọ̀. Bí ẹ bá sì ti sanwó, ẹ pe báǹkì yín lónìí, ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp àti ohùn tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ní EFCC.

Ọkọ̀ yẹn náà ti tún jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ewé, 1971 ni wọ́n ń pè é báyìí, ṣùgbọ́n iná ẹ̀yìn ńlá yẹn ṣì wà níbẹ̀, gíláàsì iná apá òsì sì ní ìlà kan tó sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá rí i nínú ìpolówó, kó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, máa mú un lọ fún ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí náà.